Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ilé ìkóoògùn ni tẹ́lẹ̀, láyé àwọn míṣọ́nnárì.
Bí òjò bá pa ògiri rẹ̀, òórùn áyódìn ṣì ń jáde,
ẹ ó rò pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ojú ọgbẹ́ tán.
Ìjọ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́dún tí kajú so jù
tí kò sẹ́ni tó rà á.
Àga mọ́kànlá. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́.
Tábìlì káfíńtà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
bíríkì la fi gbé e ró.

Àwọn alàgbà ṣèpàdé lé wa lórí.
Alàgbà Olúkọ̀tún ní, "Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò,
ẹ̀yin ń ra ìṣó fún ọmọ tí kì í wá sí ìsìn."
Kò purọ́. Mo ti jókòó lábẹ́ ihò náà rí,
omi wọ ìwé orin mi.
Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní, Bàbá, òkun o,
òrùlé kò ní sá lọ sí kòtò góòlù.
Wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan wúkọ́.
Wọ́n fún wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Ní Ìsánlú wa yìí, ilẹ̀ ní ohun dídán nínú,
ohun dídán sì ń pe ọmọ ju agogo ilé-ìwé lọ.
Ẹsẹ̀ wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n:
ẹrẹ̀ pupa dé orúnkún,
ọmọ ìka tó funfun, tó wú, bí iṣu tí omi wọ̀.
Báyìí ni Ṣọlábọ̀mí ṣe dé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ó dúró síta bí ẹni tó ń retí ọ̀kadà.
N kò bi í léèrè Ọlọ́run.
Mo ní, "Bá mi di ẹsẹ̀ tábìlì yìí mú."
Ó dì í mú.
Lọ́jọ́ kejì ó tún wá dì í mú,
bẹ́ẹ̀ a ti kàn án.

Bùrọ̀dá Mẹ́jàbí fún un ní ìfági.
Ó ní, "Má fi bá igi jà. Igi máa ń gbẹ̀san."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a kò rí i mọ́.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.
Ọjọ́ tí a gbọ́ pé kòtò kan wó mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́yìn odò,
mo ka àwọn ọmọ mi lórí ìka,
ó ku ìka kan tí n kò lè ká.
Ìbídùn ń rán aṣọ akọrin lọ́wọ́, kò gbójú sókè.
Okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ètè rẹ̀ ti sán.
Ó tú bébà kan tó ká kékeré lé orí tábìlì:
góòlù, kò tó èérún ìrẹsì.
"Ti ilé yìí ni," ó wí.
Mo wò ó. Mo rí ìṣó ọdún kan.
Mo rí beliti ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, mo tún rí páànù méjì
tí Alàgbà Olúkọ̀tún yóò fi sinmi ẹnu.
Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá rẹ ńkọ́?"
Ó ká bébà náà padà.
Kí n má purọ́, ó dùn mí títí di alẹ́.
Ìṣó ti tán.

Ní ọjọ́ kejì ó mú ìfági, ó yọ ilẹ̀kùn wa.
Ilẹ̀kùn yẹn ti ń ké láti ayé oògùn.
Igbe rẹ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀ láìwẹ̀yìn:
ti Ìbídùn gùn, ó rọra bí ti ọmọ ewúrẹ́,
Bùrọ̀dá Mẹ́jàbí kì í jẹ́ kó ké tán kó tó wọlé,
ti Ṣọlábọ̀mí máa ń dá dúró láàárín,
bí ẹni pé ó fẹ́ yí padà.
Ó fá a títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó gbé e kọ́.

Kò ké mọ́.
Tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣí díẹ̀ lórí ìwé ìṣirò mi,
mo ní láti gbójú sókè.
Òkun o, ni mo ń wí,
kí n tó mọ ta ni.